Lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín ni yóò mú àyẹ̀wò náà rọ̀ yín lọ́rùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 37. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pè wá pé wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò ní ọsibítù, wọ́n ní kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù burúkú tí wọ́n ń pè ní LDL jẹ́ 7.4, wọ́n sì rí i nínú jíìnì òun pé àìsàn ìdílé ni. FH ni wọ́n kọ síwèé, ìyẹn familial hypercholesterolaemia, kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù gíga tí wọ́n ń jogún nínú ìdílé. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ìyá òun lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọdún 2003 ni bàbá wa ṣubú lójú ọ̀nà oko, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ọmọ ọdún 46 ni. Ohun tí ẹbí sọ nígbà náà, ẹ̀yin náà á ti mọ̀ ọ́n. Mo rántí pé ó ní kókó líle lẹ́yìn gìgísẹ̀ méjèèjì, a sì rò pé bàtà ló fà á. Ìyàwó rẹ̀ kejì àti ọmọ mẹ́ta wà ní Ṣakí. Mo béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò jíìnì ní láàbù kan níbí, owó tí wọ́n pè ju owó oṣù mi lọ. Àbúrò wa obìnrin ní Houston ní òun máa ra ike ìtutọ́sí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní ọmọ méjì, ọdún mẹ́sàn-án àti mẹ́rin. Mi ò sanra, mi kì í sì í jẹ ẹyin púpọ̀. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí àwa tí kò lówó lọ́wọ́ lè fi mọ ibi tí a dúró sí?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ka ìbéèrè yín tán, mo tún padà sí ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ kókó ẹ̀yìn gìgísẹ̀ yẹn, nítorí ohun tí gbólóhùn kan yẹn sọ fún mi kò kéré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn lórí owó kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò jíìnì. Àyẹ̀wò kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù lásán, èyí tí láàbù tó mọ iṣẹ́ ń ṣe káàkiri Ìbàdàn, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yin nìkan, kí ó tó kan àwọn ọmọ. Bó bá wá di dandan kí a wo jíìnì, lẹ́tà èsì jíìnì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín ló máa bu owó náà wálẹ̀.

Inú ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ara wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì nílò rẹ̀ láti fi kọ́ ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì. LDL ni ẹrù tí ara ń dì í sí kí ó tó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Lójú ẹ̀dọ̀, àwọn ilẹ̀kùn wà tó ń gba ẹrù yìí wọlé kí ó má baà kún inú ẹ̀jẹ̀. Oníṣègùn méjì ní Dallas, Michael Brown àti Joseph Goldstein, ló rí ilẹ̀kùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń fi awọ ara àwọn ọmọ tí kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù wọn ga kọjá àlà ṣe ìwádìí. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1985 ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá. LDLR ni orúkọ jíìnì tó ń ṣe ilẹ̀kùn yìí. Ẹ̀dà méjì ni kálukú wa ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí àṣìkọ bá wọ inú ẹ̀dà kan, nǹkan bí ìdajì àwọn ilẹ̀kùn náà ni kò ní ṣí dáadáa, LDL á sì máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe láti ogójì ọdún ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ o. Kí wọ́n tó sọ ọmọ náà lórúkọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Jíìnì méjì mìíràn, APOB àti PCSK9, lè fa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n LDLR ni a ń bá jù.

Ẹ wá rí i pé àìsanra yín kò yọ yín sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìjẹ ẹyin. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin aránṣọ kan wá sọ́dọ̀ mi, kò sanra rárá, LDL rẹ̀ sì lé ní 6. Mo ní kí ó fi ẹyin àti ẹran ọlọ́ràá sílẹ̀, kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó tún fi epo pupa kún un fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé, iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, mo sì bá a wí pé ó ń jẹ wọ́n níkọ̀kọ̀. Kò jẹ nǹkan kan. Èmi ni mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé irú ikú wo ló pa bàbá rẹ̀. Oúnjẹ tó dára ń ran ọkàn lọ́wọ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ ìjẹkújẹ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò lè tún ilẹ̀kùn tí wọ́n bí mọ́ni ṣe.

Ní ti bàbá yín, mi ò lè búra lórí ẹni tí mi ò fọwọ́ kàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù tó bá ti pọ̀ fún ọdún gbọọrọ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń wá ibi jókòó sí, iṣan líle tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tó fẹ́ràn jù. Ó tún máa ń yí dúdú ẹyinjú ká bí òrùka aláwọ̀ eérú, ó sì ń jókòó sínú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn. Dókítà kan ní Norway, Carl Müller, ti kọ̀wé ní 1938 nípa àwọn ìdílé tó jẹ́ pé kókó, kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù gíga àti àìsàn ọkàn jọ ń rìn pọ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ. Láìsí ìtọ́jú, nǹkan bí ìdajì àwọn ọkùnrin tó ní FH ni àìsàn ọkàn máa ń kọlù kí wọ́n tó pé ọdún 50. Tàwọn obìnrin máa ń pẹ́ díẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn kí wọ́n tó pé 60. Ọmọ ọdún 46, kókó ní gìgísẹ̀ méjèèjì, ọmọ tí wọ́n ti fi ìdí àṣìkọ jíìnì múlẹ̀ lára rẹ̀: bí ẹ bá ní àwòrán bàbá tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú ẹbí tí ẹ ti ń wò tìfura-tìfura láti 2003, ó tọ́ kí ẹni náà gbọ́ ohun tí àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù kọ. Mo ti rí ilé tó túká lórí irú ikú yìí.

Wọ́n ní kí ọmọ ìyá ẹ̀gbọ́n yín lọ ṣe àyẹ̀wò. Òyìnbó ló sọ bẹ́ẹ̀. Agbo ilé tiwa fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ bàbá ni àṣìkọ yìí ti wá, àwọn ọmọ mẹ́ta tó wà ní Ṣakí wà nínú rẹ̀ bíi tiyín gẹ́lẹ́, ìyá ọ̀tọ̀ tí wọ́n ní kò dí i lọ́wọ́. Àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó ṣì wà láyé náà ńkọ́, àti àwọn ọmọ wọn? Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ bàbá kan náà, ìdajì ni àǹfààní pé ó gbà á, ìdajì pé kò gbà á, bí ẹni ju owó ẹyọ sókè. Jíjù ti ẹ̀gbọ́n yín kò sọ bí tiyín ṣe máa balẹ̀.

Nítorí pé jẹ́nótáìpù ni a mọ̀ jù nílé, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìmọ̀ AS àti SS gbé ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò jọra. Fóníkú-fọ̀ladìde kò lè mú ọmọ àyàfi bí bàbá àti ìyá bá jọ fún un ní jíìnì tó ní àléébù, bíi S àti S, tàbí S àti C. FH kò dúró de ẹnì kejì, òbí kan tó. Kárí ayé, nǹkan bí ènìyàn 1 nínú 250 ló ní in, èyí tó pọ̀ jùlọ nínú wọn kò sì mọ̀. Ẹ má wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń tú àfẹ́sọ́nà ká: oògùn rẹ̀ wà, ẹni tó ní in lè fẹ́ ẹni tó wù ú. Ibi tó ti le ni bí ọkọ àti aya bá jọ ní in tí ọmọ sì gba ẹ̀dà méjèèjì. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nǹkan bí 1 nínú 300,000, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn lè kọlù ú kí ó tó pé ogún ọdún.

Ó yá, láàbù. Ẹ ní lipid profile ni ẹ fẹ́, ẹ má gba èsì tí wọ́n kọ àpapọ̀ kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù nìkan sí, LDL gan-an ni a ń wá. Kò di dandan kí ẹ fi ebi pa ara yín kí ẹ tó lọ. Ọ̀pọ̀ láàbù kì í wọn LDL ní tààrà, ìṣirò ni wọ́n fi ń mú un jáde, ìṣirò náà sì máa ń daṣẹ́ sílẹ̀ bí triglyceride, ọ̀rá mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 400 mg/dL. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un ṣe láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tó ń da ẹbí tó pín sí ìlú méjì láàmú. 7.4 tí ẹ̀gbọ́n yín kà fún yín, mmol/L ni. Láàbù yín lè kọ mg/dL. Ẹ fi 38.67 sọ 7.4 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 286. Mo ti rí ẹni tó gba 210 ní Nàìjíríà tó ń bẹ̀rù pé òun ti fi ìlọ́po ọgbọ̀n ga ju ẹ̀gbọ́n òun lọ, mo sì ti rí ẹni tó gba 5.6 tó ń dúpẹ́ pé nọ́ńbà òun kéré, bẹ́ẹ̀ 5.6 mmol/L ju 210 mg/dL lọ.

Bí LDL yín bá tó 190 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlo oògùn, pẹ̀lú ìtàn ẹbí tí ẹ sọ yìí, mo máa gbà pé ẹ ní in títí a ó fi rí ẹ̀rí mìíràn, mo sì máa bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú láìdúró de jíìnì. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ 100, ó ṣòro kí ẹ ti gbà á. Àárín méjèèjì ni ojú ti ń ṣókùnkùn, pàápàá láti 130 sókè, ibẹ̀ sì ni owó àyẹ̀wò jíìnì ti ń tó náni. Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ ní kí dókítà wo ohun mìíràn tó ń gbé LDL sókè: ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì tó bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kíndìnrín tó ń jo purotéènì sínú ìtọ̀, ẹ̀dọ̀ tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ dí. Oyún náà máa ń gbé e sókè, ìyẹn kì í sì í ṣe àìsàn.

Ẹ ó ti rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀yin nìkan kọ́kọ́ lọ. FH kì í fo ìran kan láti lọ bá èkejì. Bí ẹ̀yin kò bá gbà á, kò sí bí àwọn ọmọ yín ṣe lè gbà á láti ọ̀dọ̀ yín, owó àyẹ̀wò ọmọ méjì sì ti dúró sápò nìyẹn. Bí ẹ bá gbà á, kí èyí tó pé ọdún mẹ́sàn-án ṣe tirẹ̀ láìpẹ́. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí a ti yẹ ọmọ tí òbí rẹ̀ ní FH wò kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá. Fún ọmọ tí wọ́n ti fi ìdí jíìnì òbí rẹ̀ múlẹ̀, LDL tó tó 3.5 mmol/L, ìyẹn nǹkan bí 135 mg/dL, ti tó láti gbà pé ó ní in. Èyí tó pé mẹ́rin lè dúró díẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jíìnì àti owó rẹ̀. Ká ní mo ní kí ẹ wá ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bàjẹ́ ní gbogbo Ìbàdàn, tí mi ò sọ àdúgbò fún yín. Láti Mọ́kọlá dé Ọ̀jẹ́, láti Bódìjà dé Mọ̀níyà, ẹ ó kan ilẹ̀kùn lójúlé-lójúlé. Iṣẹ́ tí láàbù fẹ́ ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n pe owó tó ju owó oṣù yín lọ: wọ́n fẹ́ ka odidi LDLR àti àwọn jíìnì yòókù láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé àṣìkọ tó ju 2,000 lọ ni àwọn onímọ̀ ti rí nínú LDLR nìkan. Ká ní mo wá sọ fún yín pé Mọ́kọlá ni, òpópónà báyìí, ojúlé kejì lápá ọ̀tún. Ọ̀kadà kan péré ni ẹ ó san. Ọsibítù Lọ́ńdọ̀nù ti kan gbogbo ilẹ̀kùn náà lórí ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n sì ti rí ojúlé. Nínú ìwé èsì rẹ̀, ẹ ó rí orúkọ jíìnì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ LDLR, lẹ́yìn náà lẹ́tà c pẹ̀lú àmì ìdánudúró, nọ́ńbà kan àti lẹ́tà díẹ̀. Ojúlé náà nìyẹn. Láàbù tó bá ní in lọ́wọ́ á kàn wo ojú kan ṣoṣo yẹn lára yín, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti odidi. Known familial variant ni kí ẹ pè é fún wọn, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n bóyá ó ṣẹ́ kù kí ẹ̀gbọ́n yín fi ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ránṣẹ́, torí láàbù tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ fi ti ẹni tó dájú pé ó ní in wọn ti ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bó bá sì jẹ́ pé odidi abala jíìnì ló já dànù lára ẹ̀gbọ́n yín, kì í ṣe lẹ́tà kan tó yí padà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gba owó, nítorí ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo ìyẹn yàtọ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo hu ọgbọ́n yìí. Láti 1994 títí di 2014, àwọn ará Netherlands rán nọ́ọ̀sì káàkiri ilé àwọn ìbátan ẹni tí wọ́n bá ti rí àṣìkọ lára rẹ̀. Láti ara ẹnì kan, wọ́n á bọ́ sí ara àbúrò, láti àbúrò sí ọmọ, títí wọ́n fi rí ẹni tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-úndínlọ́gbọ̀n. Ní South Africa, ọgbọ́n mìíràn ni. Láàárín àwọn Afrikaner, tí àwọn baba ńlá wọn kò pọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó, àṣìkọ mẹ́ta péré ló ń fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ FH tí wọ́n ní, torí náà ojú mẹ́ta ni láàbù máa kọ́kọ́ wò. Ìyẹn náà dínwó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀ kò sí fún Yorùbá: àwa pọ̀, ìran wa ti pẹ́, àbùdá wa sì yàtọ̀ síra ju ti àwọn tó ti ọ̀dọ̀ ènìyàn díẹ̀ ṣẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìwé ẹ̀gbọ́n yín fi ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ìdí kan náà ni mi ò fi fẹ́ kí àbúrò yín ní Houston gbára lé ike ìtutọ́sí. Èyí tí 23andMe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta irú ike bẹ́ẹ̀, bẹ̀rẹ̀ fún FH ní 2019, àṣìkọ 24 ló ń wò nínú àwọn tó lé ní 2,000 tí mo sọ yẹn. Bí tẹbí yín kò bá sí nínú 24 náà, èsì á ní òun kò rí nǹkan kan, ọkàn àbúrò yín á balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Kí ó gbé ìwé ẹ̀gbọ́n yín lọ bá dókítà rẹ̀. Àjọ ìlera Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CDC ti fi àyẹ̀wò ìbátan ẹni tó ní FH sí ipò kìíní nínú àwọn àyẹ̀wò jíìnì tí ẹ̀rí rẹ̀ dúró ṣinṣin, dókítà ibẹ̀ kò sì ní ka ìwé náà sí àlá.

Bí láàbù bá ka odidi jíìnì, èsì kẹta tún wà yàtọ̀ sí a rí i àti a kò rí i: a rí àṣìkọ kan, a kò mọ̀ bóyá ó ń ṣe ibi. Àwa ọmọ Áfíríkà ni irú èsì yìí ń bá jù, nítorí ara àwọn ará Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí ti wá. Ó sì dùn mí, torí kì í ṣe pé wọn kò mọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap bẹ̀rẹ̀ ní 2002 láti fi ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ ènìyàn, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. YRI ni wọ́n kọ sára rẹ̀, kò sì sí onímọ̀ jíìnì kan láyé tí kò mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìbátan wa tún ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Dallas yẹ PCSK9 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 3,363 wò. Nǹkan bí ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní àṣìkọ tó ṣe wọ́n lóore: LDL wọn fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún relẹ̀, ewu àìsàn ọkàn wọn sì fi ìdá 88 dín kù. Ẹ̀kọ́ yẹn wà lára ohun tó bí abẹ́rẹ́ PCSK9 tó ń bu LDL wálẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2015. Ó yẹ kí ọmọ àwọn tó fún ayé ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ nílé. Ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì kò ṣàjèjì mọ́ nílẹ̀ Yorùbá: Ẹdẹ ni wọ́n ti ka jíìnì kòrónà ní March 2020, ní Redeemer's University, èyí àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ohun tí a kò tíì ní ni ètò tí ìjọba á fi gbé irú ẹ̀rọ yẹn dé ọ̀dọ̀ ìdílé bíi tiyín.

Àwọn mìíràn ti fi hàn pé kò le tó bí a ṣe rò. Láti 1995 ni Slovenia ti ń wọn kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù ọmọ ọdún márùn-ún, tí wọ́n á sì wo jíìnì èyí tó bá ga nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ àwọn ọmọ 10,095 lọ́jọ́ tí ìyá wọn gbé wọn wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2016. Láti ara ọmọ ni wọ́n ti padà rí bàbá tàbí ìyá tí kò mọ̀ pé òun ní in. Mo gbà pé ọ̀nà yìí lè bá wa lára mu, nítorí àwọn ìyá wa ń lọ síbi abẹ́rẹ́ ọmọ ju bí bàbá ṣe ń lọ yẹ ara rẹ̀ wò lọ.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ ní in ńkọ́? Oògùn sítátìn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí ẹ máa wá èyí tó lórúkọ ńlá. Atorvastatin tàbí rosuvastatin tí ilé iṣẹ́ púpọ̀ ń ṣe báyìí ń ṣiṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì lè bu LDL sí nǹkan bí ìdajì. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn púpọ̀ sí i láti inú ẹ̀dà jíìnì tó dára. Bí kò bá tó, a ó fi ezetimibe kún un. Ẹ ra á níbi tí apòògùn tó níwèé wà, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀. Oògùn ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá dá a dúró, LDL á padà sókè. Bí ẹ bá ṣì ń gbèrò ọmọ, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí a sábà máa ń dá sítátìn dúró kí oyún tó dé títí ọmọ á fi kúrò lẹ́nu ọmú. Àgbo tí wọ́n bá ní ó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé ẹ ń mu ún, kí ẹ má sì fi pààrọ̀ oògùn. Ọmọ yín tó bá ní FH náà lè lo sítátìn láti bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, lọ́wọ́ dókítà ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n yín ń dúró de ohùn yín. Bí ẹ kò bá mọ bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀, ẹ kọ èyí sí i lórí WhatsApp lálẹ́ òní:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ara ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì FH tó ń tọ́jú yín kí ó fún yín ní lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sí ìbátan, èyí tí orúkọ jíìnì àti nọ́ńbà àṣìkọ náà wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti àbúrò wa ní Houston. Ẹ bi wọ́n pé bí a bá rí láàbù níbí, ṣé wọ́n lè bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má gbàgbé oògùn yín. Mo ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá fi èsì ránṣẹ́. Ṣakí ni mo máa pè lẹ́yìn yín, kí Ìyá Kékeré lè mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.”